Àpilẹ̀kọ Kan, Olóòtú Méjì

Ní cyber, ilé tí wọ́n ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, lẹ́bàá ọjà Treichville ni mo ti ka lẹ́tà náà, lọ́dún 2006. Olóòtú kan ní Paris ló kọ ọ́: "Ṣé ẹ tún fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí revue míì? Ẹ fèsì kó tó di ọjọ́ Ẹtì." Àyà mi já.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Olùkọ́ tuntun ni mí ní yunifásítì nígbà náà, omi kànga àdúgbò Anoumabo ni mo ṣèwádìí lé lórí. Revue ni ìwé tí àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé àbájáde ìwádìí wa jáde nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kan tó máa gba ìwádìí rẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àpilẹ̀kọ mi ránṣẹ́ sí ti Paris, oṣù márùn-ún ni mo fi retí èsì. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ, ní, "Ràmúlátù, àbí ìwọ kì í ṣe ọmọ ọlọ́jà ni? Fi han oníbàárà méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ín." Ojú tì mí láti bi ọ̀gá mi, mo bá fi ránṣẹ́ sí revue kejì, láì mọ̀ pé èèwọ̀ ni kéèyàn fi iṣẹ́ kan sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló mọ̀ pé onímọ̀ kan náà ni àwọn olóòtú méjèèjì máa gbé e fún láti yẹ̀ ẹ́ wò?

Bachirou, tí a jọ ń lo ọ́fíìsì, rẹ́rìn-ín. "Purọ́ fún wọn jàre. Sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ló ṣèèṣì fi ránṣẹ́."

Ká sòótọ́, ó wù mí. Mo tiẹ̀ ti tẹ ìlà méjì. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wo? Raliatou, tó bá mi fa omi nínú oòrùn? Ẹ̀rù wá bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo pa á rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá mi, Professeur Gafarou, tí mo padà. Nígbà tí mo wọlé, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni onímọ̀ tí wọ́n gbé e fún yẹn ń bá wa yẹ iṣẹ́ wò. O kó wàhálà kan náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, ọ̀gá."

"Ó dáa. Kọ òótọ́ sí àwọn méjèèjì."

Mo kọ ọ́. Revue kejì ní n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí àwọn fún ọdún mẹ́ta. Ti Paris ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mi ò fi mọ̀ bóyá wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà jáde, orúkọ Raliatou sì tẹ̀ lé tèmi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá dé ibi tuntun, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ má wá ẹni tí ẹ máa dì í rù. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìbéèrè yẹn ì bá gbà mí. Mo bẹ̀rù ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá fi odindi ọdún kan bẹ̀rù.