Fíríìjì Tí Kò Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Sinmi

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Yìnyín, nítorí kò sí fíríìjì tó kú tí kò lè jí. Nígbà tí ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ àtúnṣe lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé e fún àbúrò rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ó búra pé òun yóò dójú tì í.

"Jẹ́ kó máa yan," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n bá lé e bí adìẹ, màá rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi dùn mí."

Nínú fíríìjì oògùn ilé ìwòsàn náà, wáyà kan wà tí orí rẹ̀ ń mọ bí inú ibẹ̀ ti tutù tó. Bí òtútù bá tó, á ní kí ẹ̀rọ sinmi. Ọ̀gá Yìnyín wọlé bí ẹni tó wá kí aláìsàn, ó fa orí wáyà náà síta sínú ooru, ó sì fi téèpù dì í. Fíríìjì wá rò pé inú òun gbóná, ó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Oògùn yóò dì, yóò bàjẹ́, àbúrò ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Ó súfèé délé. Ṣùgbọ́n ó ti kó àrùn níbẹ̀. Láìpẹ́, òtútù àyà gbé e dè, wọ́n sì gbé e padà síbi tó ti ṣe ibi.

"Bàbá," ni dókítà wí, "fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó fa àìsàn yín, ti ń tán lọ. Àwọn ọmọ ogun inú ara yín tó ń bá àrùn jà ló kọ̀ láti dáwọ́ ìjà dúró. Ẹ̀dọ̀fóró yín ni wọ́n ń bà jẹ́ báyìí. Oògùn tí mo fẹ́ fún yín kì í pa àrùn. Ó ń dá àwọn ọmọ ogun náà lẹ́kun ni. Kì í ran gbogbo èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ a ó gbìyànjú. Ó wà nínú fíríìjì."

Dókítà jáde. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi nǹkan bo imú.

"Má jẹ́ kí wọ́n fún mi," ni Ọ̀gá Yìnyín wí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti bà á jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí i. A da èyí tó dì nù, a gba tuntun."

"O mọ̀ pé èmi ni?"

"Ta ló tún máa ba nǹkan jẹ́ kó fi téèpù dì í dáadáa? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi wáyà sílẹ̀ níhòòhò."

"Kí ló dé tí o ò fẹjọ́ mi sùn?"

"Mo dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Mo fẹ́ kí wọ́n dè yín. Jésù tó dárí jì mí ni kò jẹ́ kí n wọlé."

Ọ̀gá Yìnyín sunkún. Ó rí i pé òun ni fíríìjì náà: òun fúnra òun ló fa ọkàn òun síta sínú ooru ìbínú, tí kò sì sinmi. Ó ké pe Jésù, ó ní kí wọ́n pe dókítà, ó sì jẹ́wọ́ kí omi oògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ara rẹ̀ yá. Ilé ìwòsàn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn mọ́, kò sì jà sí i.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń ṣọ́ kó ṣubú? Ọlọ́run rí ibi tí o fi téèpù dì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀san wà, bí o kò bá sì ronú pìwà dà, orí rẹ ni yóò já lé. Má dúró di orí bẹ́ẹ̀dì. Lónìí, níbi tí o jókòó sí, sọ fún un pé: Jésù, ìbínú mi ti tó. Gbà mí.