Ọwọ́ Tó Lu Aláìsàn

Pánẹ́bítà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tó bá rún wómúwómú, bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á padà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ yẹn ń tún ṣe níta, ìlọ́po rẹ̀ ló ń bà jẹ́ nílé. Òòlù ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Òòlù náà ni àwọn aládùúgbò ń pè é, àmọ́ ìdí tiwọn yàtọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé. Bó bá ti jókòó ti máṣíìnì láàárọ̀, kì í fẹ́ dìde, torí bí iṣẹ́ bá pẹ́, ìyà ni. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á mú un mọ́ra. Omi gan-an, kì í mu tó.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á bí ata. Á sáré lọ sílé ìtọ̀, díẹ̀ ṣín-ún ló máa jáde, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi sáré padà. Ìtọ̀ náà dàrú bí omi ẹrẹ̀, ó ń rùn, abẹ́ ìdodo sì ń dùn ún.

Òòlù ṣàkíyèsí rẹ̀. Kò béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ohun tó sọ ni pé, “Ọkùnrin wo ló kó èyí ràn ọ́?”

Kí obìnrin náà tó lanu, ìgbájú ti dé. Ó ní òun ò mọ ọkùnrin míì. Ìgbájú tún dé. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ sílé ìwòsàn. Òòlù ní kò sẹ́ni tó máa gbé ìtìjú òun kiri ìlú. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́.

Àìsàn tí a tì mọ́lé kì í dúró sójú kan. Ibà dé, òtútù ń gbọ̀n ọ́n, ó ń bì, ìhà àti ẹ̀yìn ń ro ó bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Òòlù wọlé, ó bá a nílẹ̀, aṣọ oníbàárà ò tíì parí. Ó ní ọ̀lẹ ni. Ó fi irun fà á dìde, ó sì da ẹ̀ṣẹ́ bò ó lẹ́yìn, níbi tó ń dùn ún gan-an. Obìnrin náà ké, ó ṣubú, orí rẹ̀ gbá irin máṣíìnì. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìtọ̀ tó dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ náà pọ́n. Kò mira mọ́.

Ọ̀rẹ́ Òòlù, tó máa ń kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, bá a wálé lọ́jọ́ yẹn, ó ń dúró dè é níta. Nígbà tó gbọ́ igbe, ó já wọlé, ó ní kí Òòlù bá òun gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan sọ fún Òòlù pé kòkòrò ló wọ àpò ìtọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó ti gòkè dé kíndìnrín, ó sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n tètè gbé e wá nígbà tó kọ́kọ́ ń ta á, oògùn díẹ̀ ì bá ti parí rẹ̀. Òòlù bi í bóyá àgbèrè ló fà á.

Dókítà ní, “Rárá o. Wúńdíá ń ní in, ìyá àgbà ń ní in, ọkùnrin náà ń ní in. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ló kúrú, kòkòrò kì í pẹ́ débẹ̀.” Ó wojú Òòlù. “Àpá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó ṣubú ni.”

Obìnrin náà lajú lórí bẹ́ẹ̀dì. Agbára káká ni ohùn rẹ̀ fi jáde. “Mi ò ṣubú.”

Wọ́n lé Òòlù síta. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ní bí wọ́n bá bi òun, òótọ́ lòun máa sọ. Òòlù gbá a lẹ́nu, eyín kan yọ. Ìjàkadì gan-an ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kó tó mọ Olúwa, ṣùgbọ́n kò gbọ́wọ́ sókè. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù.

“Ṣé ìbínú yẹn ti tán nínú ẹ báyìí? Kò tán. Tèmi náà ò tán bẹ́ẹ̀. Wọ́n lu Jésù, wọ́n gún un níhà, kò lu ẹnì kankan padà. Torí irú ọwọ́ èmi àtìwọ ló ṣe gbà á. Ó lè gbà ẹ́, àmọ́ pe ẹ̀ṣẹ̀ ẹ lórúkọ tó ń jẹ́.”

Òòlù wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ó wólẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. “Olúwa, mo lu aláìsàn, mo tún parọ́ mọ́ ọn. Díẹ̀ ló kù kí n pa á. Gbà mí lọ́wọ́ ara mi.” Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ náà, kò wí àwáwí kankan. Ohun tí obìnrin náà sọ ni pé, “Mo gbọ́,” ó sì kọjú sógiri.

Ara rẹ̀ yá. Ó lo oògùn rẹ̀ tán pátápátá, bí ìrora tilẹ̀ ti lọ. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá lọ. Òòlù lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ó sọ gbogbo ohun tó ṣe. Ẹ̀gbọ́n fọ́ ọ létí. Òòlù ò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò nílẹ̀. Obìnrin náà ń wò láti ojú fèrèsé. Kò tíì padà sílé. Òòlù kò fipá mú un. Àdúrà ló ń gbà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, bó bá dàrú, bó bá lẹ́jẹ̀, má tijú, má fi oògùn ẹlòmíì tánra ẹ jẹ. Lọ sílé ìwòsàn lónìí. Bí ibà àti ẹ̀yìn ríro bá ti dé, sáré lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ńkọ́? Ó ń gòkè bọ̀ wọnú ọkàn rẹ bí o ti ń fi í pa mọ́. Ta lo lù lánàá? Ta lo parọ́ mọ́? Òòlù rí ààyè jẹ́wọ́, torí ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ ò bọ́. Ta ló ṣèlérí irú ààyè bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ẹni tó o ṣẹ̀ lè máà lè dáhùn mọ́ lọ́la. Jésù ń dáhùn nísinsìnyí. Pè é.