Òwú Oníkókó Márùn-ún

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, birikílà kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún jókòó sí etí ibùsùn rẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Kí wọ́n tó tì í tán, ó ti ṣubú. Gìrì mú un mọ́lẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ sì rọ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa á. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, wọn kò gbé e dé ọsibítù, nítorí kí ni dókítà fẹ́ fi òkú ṣe?

Ẹnu ayé kò sì jẹ́ kí òkú sinmi. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ikú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń rán fìlà ti wọn orí rẹ̀ fún fìlà ìgbéyàwó. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé: aránfìlà yìí, tó jẹ́ opó tí kò bímọ, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mìíràn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ìyàwó awakọ̀, tó jẹ́ alágbàfọ̀, àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tí gbogbo ilé ń pè ní Kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ọdún kan.

Aránfìlà kì í lo téèpù bíi ti àwọn télọ̀. Òwú dúdú ló fi ń wọn orí. Yóò yí i po orí èèyàn, yóò ta á ní kókó níbi tó bá ti pàdé, yóò sì jù ú sínú agolo, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí o bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, orí rẹ ṣì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí àwọn wà lọ́wọ́ Ìyá Onífìlà. Lẹ́yìn ikú birikílà, kò sẹ́ni tó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ ni obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbọ́sọ, orúkọ náà sì rò ó gan-an. Nígbà náà, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bì láràárọ̀, kó tó fẹnu kan oúnjẹ rárá. Ìyá Àgbọ́sọ wọ yàrá alágbàfọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó wọn orí birikílà, birikílà kú. Ṣé o ò rí bó ṣe ń wo orí ọmọ tìẹ ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba alágbàfọ̀ nínú ilé ọkọ rẹ̀. Bí aránfìlà bá na ọwọ́ sí ọmọ, yóò já a gbà, yóò ní ó fẹ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ àìsàn náà ń le sí i. Ọmọ tó ti ń di ogiri mú rìn padà sí jíjókòó, nígbà tó yá, jíjókòó náà di wàhálà. Ojú rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bí ẹni pé nǹkan ń fà á wálẹ̀, funfun ojú sì ń hàn lókè. Alágbàfọ̀ gbé e lọ sí kẹ́míìsì lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n fún un ní oògùn ibà, èébì kò dúró.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, òwìwí ké lórí òrùlé. Alágbàfọ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé láti pọn omi ìfọṣọ, ó sì padà wá mú ọṣẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aránfìlà lóṣòó lórí ẹní ọmọ, ó ti fi òwú dúdú yí orí Kékeré po, ètè rẹ̀ ń mì. Aránfìlà gbójú sókè, ó fi òwú sábẹ́ aṣọ, ó ní òun kàn wò ó bóyá ó ti jí ni. Irọ́ ni, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí aránfìlà ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù, alágbàfọ̀ tú yàrá rẹ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ló ti rí òwú náà. Kókó kan ló máa ń wà lára òwú àwọn oníbàárà. Ti Kékeré ní márùn-ún.

Ìyá Àgbọ́sọ ló mú un lọ sọ́dọ̀ aríran kan. Obìnrin náà wo òwú, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti so orí ọmọ náà, pé bí wọ́n bá so ìkẹfà, kò sí ọmọ mọ́. Ó ní kí wọ́n sun òwú náà lójú ẹni tó so ó, kí wọ́n sì lé e jáde nílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni awakọ̀ dé láti ìrìn àjò. Ó bá ìyàwó rẹ̀ níwájú sítóòfù tó ń jó, òwú lọ́wọ́, Kékeré lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ránṣẹ́ pè ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kó yan ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀. Awakọ̀ ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń fi òwú ṣe lórí ọmọ mi?"

Aránfìlà sọ ọ́. Ó ní òun rán fìlà fún Kékeré nígbà tó pé ọmọ ọdún kan, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fìlà kò wọlé mọ́. Ojú ti òun. Láti ọgbọ̀n ọdún, fìlà òun kan kò padà wá rí. Òun rò pé ọwọ́ òun ti ń darúgbó, òun rán òmíràn, ìyẹn náà há. Ìgbà náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í jí orí ọmọ náà wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, òun sì ń ta kókó kan níbi tó bá dé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun mọ̀ pé orí ọmọdé ń dàgbà, ṣùgbọ́n kì í sáré báyìí.

"Ẹ má gbà mí gbọ́," ó ní. "Ìyàwó, kó o tó sun ún, fi ọwọ́ ara rẹ wọ̀n ọ́n. Kókó ìkẹyìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ta á."

Alágbàfọ̀ sọ ọmọ kalẹ̀. Ó yí òwú po orí rẹ̀, ó fà á. Kókó ìkarùn-ún kò dé ibi tó yẹ kó dé, ó ku ìbú ìka kan. Ó tún un ṣe, ó ṣì ku ìbú ìka kan. Ó fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ náà, ó le, ó sì yọ sókè. Ẹ̀rù àjẹ́ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tó rọ́pò rẹ̀ sì burú jù ú lọ: nǹkan wà nínú orí ọmọ òun, kò sì sí ẹni tí òun lè lé jáde kó lè lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé dé ọsibítù, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú. Dókítà béèrè káàdì ọmọ náà. Káàdì ti dúró nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́sàn-án, níbi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára parí sí. Aránfìlà bá na òwú sí i. Dókítà tẹ́ ẹ sórí rúlà, ó ń béèrè ọjọ́ kókó kọ̀ọ̀kan, obìnrin náà ń dá a lóhùn láìṣìnà. Nígbà tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, ó pe àwọn tó ń ya àwòrán inú orí.

Àwòrán fi hàn pé ẹran kan ti hù sẹ́yìn ọpọlọ Kékeré. Dókítà ní omi wà nínú ọpọlọ gbogbo èèyàn, ó ní ọ̀nà tó ń gbà, ẹran yìí ló dí ọ̀nà náà. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ ló ń ti orí, ó ń ti ojú, bí ọmọ bá sì sùn di àárọ̀, a tún le sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń bì. Ó ní kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Awakọ̀ béèrè bóyá irú rẹ̀ ló pa àbúrò òun tó jẹ́ birikílà. Dókítà ní òun kò lè sọ ohun tó pa ẹni tí òun kò yẹ̀ wò.

Wákàtí méje ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n tú omi náà, wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, wọ́n ní oògùn ni yóò bá ìyókù jà, àwọn yóò sì máa ya àwòrán orí rẹ̀ lóòrèkóòrè. Kékeré yè. Ṣùgbọ́n omi ti ti iṣan ojú rẹ̀ pẹ́ jù. Bóyá ni yóò rí ju ìmọ́lẹ̀ lásán lọ.

Lórí bẹ́ńṣì ọsibítù, alágbàfọ̀ béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Nígbà tí mo ta kókó kejì, mo wá bá ẹ. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, mo gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbọ́sọ ń sọ, mo sì gbọ́ pé o ò já a nírọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ká ní mo wọlé wá sọ pé orí ọmọ rẹ ń tóbi, kí lo máa ṣe?"

Alágbàfọ̀ mọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Ìyá Àgbọ́sọ wá kí wọn. Ó fa alágbàfọ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní òun gbọ́ pé Ìyá Onífìlà yẹn ṣì ń gbé ọmọ náà jó. Ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Alágbàfọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ìyá, ọmọ mi ò kú. Ojú rẹ̀ ló lọ. Dókítà ní ká ní a ti gbé e wá ní oṣù méjì sẹ́yìn, ojú náà ì bá má lọ. Oṣù méjì yẹn, àjẹ́ lèmi àti ẹ̀yin fi ń wá."

Ó padà sínú wọ́ọ̀dù, níbi tí aránfìlà ti gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó sì jókòó tì wọ́n.