Òdòdó Tó Wà Lára Ọ̀rá

Oyèkànmí tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì rẹ̀, ó to irinṣẹ́ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká náà lé aṣọ náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò tíì tẹ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Wíwò ló fi kọ́ ọ, títú palẹ̀ ló fi kọ́ ọ, ó sì gbà pé ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn yóò sọ ohun tó ń ṣe é bí èèyàn bá ní sùúrù.

"Bọ̀dá Oyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tàn án," ni Olúwaṣìkẹ́mi wí. Ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Oyèkànmí tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà.

Ó tàn án. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ó kí wọn káàbọ̀, ó sì ní kí wọ́n yan èdè tí wọ́n fẹ́ àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà.

Oyèkànmí gbé ojú sókè. "Ohun tí kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí máa ń béèrè nìyí. Ta ló nù ún, tó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

Oṣù mẹ́rin péré ni kọ̀ǹpútà náà ti dé. Ẹ̀gbọ́n Olúwaṣìkẹ́mi ló rà á ránṣẹ́ láti Èkó, nítorí pé Ṣìkẹ́mi wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì Òkìtìpupa. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ń lò nídìí ṣíṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wọn, láti orí rírẹ ẹ̀gẹ́ títí dé orí yíyan án lórí iná. Ìyá rẹ̀ àgbà, Ìyá Aníwúrà, ló sọ wọ́n fún un ní Ìjù-Odò. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gba ohùn Ìyá sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tó gbà gbẹ̀yìn, Ìyá kú.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ rẹ?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí."

"Àwọn ohùn náà ò sí lórí fóònù rẹ?"

"Fóònù kún. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì pa ti fóònù rẹ́. Mo ní tuntun ni, kò lè bàjẹ́."

"Fíláàṣì ńkọ́?"

Ó mi orí. "Bọ̀dá, kò síbòmíràn tí ohùn Ìyá wà láyé yìí."

Oyèkànmí kò bá a wí. Ó ki fíláàṣì tirẹ̀ bọ ẹ̀rọ náà, ó fi jí i láìjẹ́ kó kọ nǹkan tuntun kankan sínú, ó sì ń wá. Ó wá a fún wákàtí méjì. Nígbà tó yá, ó yọ fíláàṣì, ó sì nu ọwọ́ méjèèjì.

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Àwọn kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí máa ń ti ohun gbogbo tí a bá kó sínú wọn pa fúnra wọn. Bí wọ́n bá nù wọ́n báyìí, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ nù. Ẹrù lè ṣì wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́. Èmi ò lè ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ náà ò lè ṣe é."

Ṣìkẹ́mi kò sunkún. Ó kàn ń wo ẹ̀rọ tó ń kí i káàbọ̀.

"Ohun kan ló kù," ni Oyèkànmí wí. "Bó bá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ jí iṣẹ́ rẹ ló nù ún, yóò ti kọ́kọ́ kó o síbì kan. Bí a bá rí i, a lè rí ohùn Ìyá. Níbo ni ẹ̀rọ yìí dé láti ìgbà tí o lò ó gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo lò ó, títí tí bátìrì fi kú. Sátidé, mo gbé e fún Mùtàlíbù kó bá mi fi iná sí i. Sọ́ńdè, mo gbé e lọ sí Igbodigo, sọ́dọ̀ Àǹtí Morìnsọ́lá, àbúrò bàbá mi. Mo fi báàgì sílẹ̀ ní pálọ̀ wọn, mo lọ kí àwọn ẹbí káàkiri. Mọ́ńdè, ó wà ní yàrá lọ́dọ̀ Dora tí a jọ ń gbé, mo lọ sí kíláàsì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tàn án, ó ní kí n yan èdè."

"Ta ló mọ nọ́ńbà tí o fi ń ṣí i?"

Ṣìkẹ́mi yí ẹ̀rọ náà dojú dé. Ó ti lẹ bébà kékeré kan mọ́ ikùn rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin wà lórí bébà náà. "Kí n má baà gbàgbé," ló wí.

Oyèkànmí mí kanlẹ̀. Ohun mìíràn ló tún rí. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

"O ò tíì bó ọ̀rá ara rẹ̀."

"Kó má baà tètè gbó ni."

Kò yà á lẹ́nu. Ó mọ ilé tí ọ̀rá fìríìjì ti lo ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ihò tí ẹ̀rọ yìí fi ń mí wà ní ikùn rẹ̀, ọ̀rá sì ti bò ó. Ó na ọwọ́ láti bó o. Ó dáwọ́ dúró.

Ọ̀rá náà ti gbóná títí ó fi rọ̀, ó sì ti tutù padà. Nǹkan kan ti tẹ àmì sí i lára. Òdòdó ni. Òdòdó kéékèèké, ewé mẹ́fà mẹ́fà, wọ́n so kọ́ra wọn ní ìlà láti etí kan dé èkejì.

"Kí lo máa ń gbé e lé?"

"Tábìlì pákó."

"Wò ó," ni Oyèkànmí wí, ohùn rẹ̀ sì yí díẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ máa ń dùn bí nǹkan bá ń yé e, kódà níbi tí kò yẹ kó ti dùn. "Kí wọ́n nu kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ó ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀rọ á gbóná. Èyí tí ọ̀rá bo ihò rẹ̀ á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó jókòó sí nígbà náà ló ya àwòrán yìí. Ohun kejì: kò ní gbà kí wọ́n nu òun bí wọn ò bá so ó mọ́ iná. Ẹ̀rù ń bà á kí bátìrì má kú láàárín iṣẹ́. Nítorí náà, ibi tí iná wà fún wákàtí kan gbáko, tí òdòdó sì wà, ni à ń wá."

Ní Òkìtìpupa tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbàgbé bí iná ìjọba ṣe ń tàn, ibi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Mùtàlíbù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Ìdí àwọn ọlọ́kadà ló kọ́ àtíbàbà rẹ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń hó lẹ́yìn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò kàwé," ló fi kí Oyèkànmí.

"Àlájì tí kò tíì dé Mẹ́kà. Sátidé, ṣé iná rẹ dúró?"

"Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá?"

"Ẹnì kan nu kọ̀ǹpútà ọmọ yìí. O ní iná, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà níkùn rẹ̀ bí orúkọ lára mọ́tò."

Mùtàlíbù kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Oyè, ogójì fóònù ló wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ń ṣí ti oníbàárà, ìgbà wo ni mo fẹ́ dáhùn oníbàárà? Wá wo ibi tí mo ń kó wọn sí."

Oyèkànmí wò ó. Nínú àpótí pákó ni àwọn kọ̀ǹpútà wà, wọ́n to wọ́n lóòró bí ìwé, wáyà ń jáde lórí wọn. Kò sí èyí tó fi ikùn lélẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà. Pákó lásán.

"Má bínú, Àlájì."

"Mo ti bínú. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wá sọ fún mi."

Dora wà ní yàrá, ó ń gé ilá. Ṣìkẹ́mi kò kí i.

"Ó ti mú ọlọ́pàá wá," ni Dora wí.

"Kì í ṣe ọlọ́pàá ni mí. Ṣìkẹ́mi ní ẹ̀yin méjèèjì jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ mi."

"Ẹran kan ṣoṣo," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Ẹran kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ náà nìyẹn."

Ṣìkẹ́mi fa Oyèkànmí láṣọ, ó sì nàka sí bẹ́ẹ̀dì Dora. Òdòdó pupa kún orí aṣọ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Oyèkànmí tẹ̀ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rá a. Ó ń dán. "Òdòdó inú àwọ̀ lèyí," ló wí. "Èyí tí à ń wá, èèyàn lè fọwọ́ kà á." Ó wo ògiri. Aláǹtakùn ti hun ilé yí ojú iná tí wọ́n ń so ṣájà mọ́ ká; ó ti pẹ́ tí iná ti tàn níbẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Dora, ṣé o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà lánàá?"

Ọ̀bẹ dúró lórí ilá. "Mo fọwọ́ kàn án. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo fẹ́ wo bó ṣe kọ orí kejì rẹ̀ kí n lè kọ tèmi. Ó ní kí n yan èdè. Mo pa á dé kíá. Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Bọ̀dá, èmi fẹ́ jí i wò ni. Bí mo bá nù ún, kí ni mo fẹ́ jí?"

Oyèkànmí gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ náà ti ṣófo kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ṣìkẹ́mi dúró lójú ọ̀nà. "Àǹtí mi máa ń fi òwú hun nǹkan," ló wí.

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Igbodigo.

Morìnsọ́lá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ atẹ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀. Sólà méjì wà lórí òrùlé rẹ̀. Ó gbé omi tútù fún wọn, ó sì ní kí wọ́n jókòó. Lórí gbogbo àga ni aṣọ òwú funfun wà, èyí tó fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun fúnra rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n, ewé mẹ́fà mẹ́fà.

Oyèkànmí kò mu omi náà. Ó yí kọ̀ǹpútà dojú dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó sún mọ́ ojú iná jù lọ. Òdòdó kan bá èkejì mu, ewé bá ewé mu. Nínú àlàfo òwú náà, ọ̀rá tín-ín-tín kan ti yọ́ mọ́ ọn.

Obìnrin náà rí i. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀.

"Màmá," ni Oyèkànmí wí, "mi ò wá bá yín jà. Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Ṣìkẹ́mi jáde, ẹ yọ ọ́ nínú báàgì, ẹ ka nọ́ńbà níkùn rẹ̀, ẹ fi ṣájà rẹ̀ sí ojú iná yẹn, ẹ sì gbé e lé àga yìí títí ó fi parí. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Kẹ́ ẹ tó nù ún, ṣé ẹ kó ohun inú rẹ̀ síbì kan?"

"Mi ò kó o síbì kankan. Kí ni mo fẹ́ kó o sí?"

"Àǹtí," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe mí ní nǹkan kan." Morìnsọ́lá ń fọwọ́ tọ́ etí aṣọ òwú náà. "Ọjọ́ tí gbogbo ẹbí pé jọ lẹ́yìn ìsìnkú, o tan ohùn Ìyá nínú ẹ̀rọ yìí kí á gbọ́. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń fún omi ara ẹ̀gẹ́. Láàárín kan, ó ní, 'Ṣé Morìnsọ́lá ti dé?' Gbogbo wọn wò mí. Oṣù méje ni mi ò dé Ìjù-Odò. Láti ibí sí Ìjù-Odò, ṣé ìrìn àjò nìyẹn? Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Morìnsọ́lá na etí aṣọ òwú náà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Wọ́n ní wọ́n máa kó o sí láìbìrì yunifásítì. Pé ẹni tí kò mọ̀ mí rí yóò jókòó, yóò máa gbọ́ ìyá mi tó ń béèrè mi. Mo ní kí n yọ ẹyọ kan yẹn kúrò. Mi ò mọ èyí tó jẹ́. Mo ṣí ọ̀kan, ó béèrè mi. Mo ṣí òmíràn, ó béèrè mi. Mo ṣí mẹ́sàn-án. Mo wá bi fóònù mi bí wọ́n ṣe ń nu gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún mi."

"Mo ti gé e," ni Ṣìkẹ́mi wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Nínú èyí tí mo fẹ́ fún wọn ní ilé ìwé, mo ti gé gbogbo ibi tó ti pè yín kúrò. Torí yín ni mo ṣe gé e."

Morìnsọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Oyèkànmí fẹ́ kí nǹkan kan bàjẹ́ tí òun lè tún ṣe. Kò sí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó bó ọ̀rá náà kúrò, ó bó bébà nọ́ńbà náà pẹ̀lú rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn ihò náà. Ó gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì líle, ó so ó mọ́ iná. Ó yan èdè. Ó yan orílẹ̀-èdè. Ó ní kí Ṣìkẹ́mi yan nọ́ńbà tuntun, ó sì yíjú síbòmíràn nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ gba àtúnṣe tó yẹ kó gbà. Ó fi hàn án bí ẹ̀dà kan yóò ṣe máa lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, àti bí èkejì yóò ṣe máa lọ sínú fíláàṣì lọ́jọ́ Ẹtì gbogbo.

Nígbà tó parí, Morìnsọ́lá sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo rántí," ló wí.

Ṣìkẹ́mi fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Morìnsọ́lá rántí orúkọ agbọ̀n, ó rántí orúkọ omi àkọ́fún. Nígbà tó dé orí yíyan án lórí iná, kò rántí mọ́. "Ìyá ló mọ ìyẹn," ló ń sọ. Ibi mẹ́rìndínlógún ló ti sọ bẹ́ẹ̀, Ṣìkẹ́mi kò sì gé ọ̀kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́kànlélógójì ló jáde. Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n ṣe, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà. Ṣìkẹ́mi kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Máàkì márùndínláàádọ́ta ni wọ́n fún un, ibi tí wọ́n ti ń yege gan-an, kò fi ẹyọ kan lé e. Olùkọ́ rẹ̀ fi bírò pupa kọ ọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn pé ẹni tí Ṣìkẹ́mi fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kò mọ ọ̀rọ̀ tó.