Fèrèsé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Yà

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á o!"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí onígíláàsì bá mi sọ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀, mo na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni ọkùnrin gíga yìí bá sáré wọlé.

"Mi ò fẹ́ pa á," mo ní. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè mí?"

"Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, a ò pa á rí. Òun ló kọ ètò tá a fi ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀."

Ojú tì mí. Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, mo sì jókòó.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ mi: èyí tí wọ́n fi irinṣẹ́ ayé ìgbà kan kọ, tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì rí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò fẹ́ fojú kàn án. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Èèyàn á fọwọ́ ara rẹ̀ ya fèrèsé, ìyẹn àpótí tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, á to bọ́tìnì sí i, á wá kọ ohun tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Fèrèsé kankan ò lè yọ lójú kọ̀ǹpútà bí ẹnìkan ò bá yà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ètò tiwọn yìí, bí wọ́n bá ti sọ ìwọ̀n gíláàsì tí oníbàárà fẹ́ fún un, á fi bí wọ́n ṣe máa gé e hàn wọ́n, tí kò fi ní ṣòfò. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì pé kó tọ́jú iṣẹ́ náà, ohùn olóògbé, tó ti gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀, á jáde: "Ó ti wọlé, ọkọ mi." Àwọn òṣìṣẹ́ á sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé, màdáámù." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Màmá olóògbé máa ń wá lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà náà, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ọmọ wọn. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ kú iṣẹ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà náà ti ń gbóná, ó ti ń rùn bí ohun tó fẹ́ jóná. Iṣẹ́ mi ni kí n kó ètò náà lọ sórí tuntun, nítorí náà mo ní láti ka gbogbo ohun tí obìnrin náà kọ. Àwa tá a ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi àlàyé ṣókí sáàárín iṣẹ́ wa, tí ẹ̀rọ á fò kọjá, fún ẹni tó bá máa bá wa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ ọkọ ẹ̀ ló kún inú tiẹ̀. "Jẹ́ kí bọ́tìnì yìí tóbi, ọkọ mi ò ní sùúrù." "Má ṣe jẹ́ kó gba iṣẹ́ ńlá méjì pọ̀. Kì í jẹun bó bá ń gé gíláàsì fífẹ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ra búrẹ́dì àti ẹyin, mo gbé e síwájú ọkùnrin náà níbi tó ti ń gé gíláàsì fífẹ̀ kan.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó bi mí.

"Ìyàwó yín ni," mo dáhùn kí n tó rò ó.

Ó jókòó sórí àpótí, ó jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Adúmáadán. Ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí, mi ò lè purọ́. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí nígbà mìíràn, torí pé mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni, tàbí ẹnìkan ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ẹ̀.

Inú ọ́fíìsì yẹn náà ló ti di ọwọ́ mi mú. "Adúmáadán mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Kí n tó la ẹnu, kọ̀ǹpútà náà dún kín-ín. Fèrèsé kékeré kan yọ. "Ta nìyẹn?" ni wọ́n kọ sí i. Àyè ìdáhùn wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣófo.

"Ìwọ lo ṣe é?" ó bi mí.

"Èmi kẹ̀? Rárá o!"

Mo tú orúkọ gbogbo fèrèsé tí obìnrin náà yà síta. Kò sí níbẹ̀. Mo wá gbólóhùn yẹn kiri gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, mi ò rí i. Mo pa á dé. Bí ọkùnrin náà ṣe tún sún mọ́ mi, ó tún yọ.

Màmá wọlé bá wa bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ wa, wọ́n wo kọ̀ǹpútà tuntun tí mo ti tò sílẹ̀.

"Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ yìí," wọ́n ní, "ẹ ti pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Wọ́n bá jáde.

Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà láìfi epo bọyọ̀. "Mi ò lè fẹ́ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń béèrè ta nìyẹn. Pa ẹ̀rọ yìí, tàbí kí n máa lọ."

"Olólùfẹ́ mi, Màmá nìkan ni òbí tó kù fún mi. Mi ò lè fọwọ́ ara mi pa wọ́n lẹ́kún."

Mo kó ẹrù mi sínú báàgì. Omi ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá mi dúró. Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá Màmá. Wọn ò tíì lọ.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ni, Màmá."

"Kí ni ọmọ mi bi ọ́ lójú ẹ̀rọ yẹn?"

"Ó ní ta nìyẹn, mà."

"O sì dá a lóhùn?"

Gbogbo bí mo ṣe mọ ìwé tó, pípa ni mò ń pa á dé.

"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí! Onílé béèrè ta nìyẹn, o ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú? Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n fà mí wọlé padà, wọ́n sì fi mí jókòó. "Ìwọ náà, di ọwọ́ ẹ̀ mú," wọ́n sọ fún àna wọn. Ó dì í mú. Fèrèsé náà yọ.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo mú ọ wá."

Mo kọ ọ́: "Màmá rẹ ló mú mi wá." Mo tẹ bọ́tìnì.

Fèrèsé náà lọ. Òmíràn yọ, èyí tó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Màmá ò rí lẹ́tà dáadáa, nítorí náà mo kà á fún wọn: "Màmá, ṣé kí n máa lọ sùn?" Bẹ́ẹ̀ni àti Rárá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà bojú. Màmá ò bojú. Wọ́n gbá máòsì tó ń darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà mú, wọn ò fọwọ́ kàn án rí láyé wọn. Mo bá wọn di ọrùn ọwọ́ wọn mú. Ọfà náà dúró lórí Rárá, ó pẹ́.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," wọ́n ní. "Láti kékeré, bó bá ti béèrè báyìí, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Wọ́n sún un sórí Bẹ́ẹ̀ni, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

"Sùn, ọmọ mi. Ó dàárọ̀."

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Fáànù inú rẹ̀ rọra ń yí, ó sì dúró. Nínú ilé iṣẹ́, àwọn tó ń gé gíláàsì dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Màmá sunkún, a dì wọ́n mú, àwa náà ń sunkún. Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, wọ́n gbé báàgì mi nílẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ ọkùnrin náà léjìká.

"Gbé ẹrù ìyàwó ẹ," wọ́n ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."