Àjẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Nà Sókè

Òkú atukọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwókù ọkọ̀. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò tíì gbé èrò kankan. Ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín odò, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń gbà kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì gùn ún mọ́lẹ̀ nínú kùrukùru òwúrọ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ti mẹkáníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe mọ́lé, nítorí aráyé kì í pẹ́ rí ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó tín-ín-rín, ó sì mú, lọ bá a nínú àhámọ́.

"Ọ̀gá, mo fọ púlọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá," ni mẹkáníìkì wí. "Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lójú olóògbé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni kí n ti wá máa dúró dè é?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kò gba ẹ̀rín. Ó lọ sí ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí wọ́n kó àwókù ọkọ̀ sí. Táǹkì epo oníke rẹ̀ kò fọ́, ìdérí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pinpin. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì náà méjèèjì ti wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó tí kò léyín mọ́. Bó ṣe ṣí ìdérí, táǹkì náà fa èémí. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé bí epo ṣe ń jáde. Tí kò bá sí i, epo ò ní wá mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì kú lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Ẹnìkan ti fi ọṣẹ dí i láti inú, níbi tí ojú kò tó.

Ó lọ bá ìyàwó olóògbé, tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté. Lórí odò yẹn, atukọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ní láti na àjẹ̀ rẹ̀ sókè kí ẹlòmíì lè wá ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá nà án, ìwọ̀sí ni kí ẹlòmíì lọ fà á.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó wa. Ṣé ó na àjẹ̀?"

"Kùrukùru ò jẹ́ kí n ríran. Ẹ bi àbúrò rẹ̀, òun ló sún mọ́ ọn jù. Ibì kan náà ni wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, àmọ́ wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ọkọ mi lágídí."

Àbúrò náà ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Kò na àjẹ̀ kankan," ló wí. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ má bi mí. Ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n wà. Tó bá ti kú, mẹkáníìkì ni mò ń pè."

"Ó dáa. Láàárọ̀ ọ̀la, wá fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé mi dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra. Wọ́n dé àárín odò, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì dákẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè lókèèrè. Abẹ́rẹ́ jókòó, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà á. Àbúrò náà kò wo púlọ́ọ̀gì, kò fọwọ́ kan rọ́bà epo. Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó yí i padà, ó fi èékánná họ ọṣẹ kúrò. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ìgbà tí wọ́n yà kúrò lọ́nà tán ni ọkùnrin náà tó rí ohun tó wà lábẹ́ èékánná ara rẹ̀.

"Èmi ni mo fi síbẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Lánàá, mo ṣe irú rẹ̀ fún mẹkáníìkì. Púlọ́ọ̀gì ló kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà rọ́bà epo. Ó pẹ́ kó tó ronú kan ìdérí. Ìwọ tí o ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ lọwọ́ rẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó tọ́jú nǹkan ló mọ ibi tó wà."

Ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó sì pe àgọ́ lórí fóònù pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mẹkáníìkì. Àbúrò náà kò jà.

"Mi ò fẹ́ kó kú, ọ̀gá. Mo fẹ́ kó na àjẹ̀ sí mi ni. Kí n fi okùn fà á wálé, ká jọ sọ̀rọ̀."

"Àmọ́ kò nà án."

Ọkùnrin náà mirí.

"Ó nà án. Ó nà án sókè, ó ní, 'Àbúrò mi, wá o.' Inú mi dùn débi pé mo ní kó ṣì nà án sókè díẹ̀ sí i kí n tó lọ bá a."