Sìgá Tó Yí Ẹ̀gbẹ́ Padà Lẹ́nu Gottlieb

Ní abúlé wa lẹ́bàá adágún Hallwil, ọkùnrin tí kò bá ní Stumpen lẹ́nu ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ dà bí ẹni tó gbàgbé bàtà sílé. Sìgá kúkúrú tó sanra ni, tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n gé nídìí. Ọjọ́ àyájọ́ orílẹ̀-èdè wa ni ọjọ́ náà, sìgá yìí sì ni a fi ń tan okùn iná ọdún tí ń fò lọ sókè, nítorí afẹ́fẹ́ kì í pa á bí ìṣáná. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Tábà ló tọ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí dàgbà. Màmá mi ń fi ọwọ́ wé ewé rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ sìgá, owó rẹ̀ ló sì rán mi nílé ìwé. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá sìgá ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Aládùúgbò Gottlieb ni mí, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Gottlieb ni olórí orin wa. Bí iná ńlá tí a ń dá lórí òkè lọ́jọ́ náà bá ti gbà, òun ló ń fi ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ dá orin orílẹ̀-èdè, àwa yòókù á wá gbè é. Kò sẹ́ni tó ń bá a du ipò yẹn.

Ní èṣí, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń jẹ sọ́sééjì sísun, a sì ń dúró de iná. Klara ìyàwó rẹ̀ tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá Regula, kí ló dé tí sìgá yín fi wà lápá ọ̀tún?"

"Ṣé òfin wà fún ibi tí mo máa gbé e sí ni?"

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín, apá òsì ló ń wà. Ṣé ẹ ò rí i bí èéfín ṣe mú irunmú yín pọ́n lápá ibẹ̀ ni?"

Emil, àbúrò Gottlieb, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ jàre. Apá ọ̀tún náà fẹ́ jọ̀dún."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Gottlieb ò tíì fọwọ́ kan sọ́sééjì rẹ̀. Àárín búrẹ́dì tó rọ̀ nìkan ló ń já jẹ.

Verena jókòó níwájú wa. Òun àti Gottlieb jọ lọ ilé ìwé ni, ó sì ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ẹnu àti ọ̀fun ní ìlú Aarau títí tó fi fẹ̀yìn tì.

"Gottlieb, ṣé egbò wà lẹ́nu ẹ ni?"

"Egbò kékeré ni. Eyín ló gé ahọ́n mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣé mò ń kà á ni? Láti ìgbà tí a ti ń ká èso ṣẹ́rì ní oṣù kẹfà."

Klara gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Láti ìgbà ṣẹ́rì, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹsẹ̀ mi ò kúkú kán."

"Ya ẹnu, jẹ́ kí n wò ó," ni Verena wí.

"Verena, ọdún la wá jẹ, a ò wá sí ọsibítù," ni Emil dá sí i. "Àwa kì í gbé èéfín mì. Àwọn tó ń fa sìgá tín-ín-rín ló ń gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tiwa ò kọjá ẹnu, a ti fẹ́ ẹ síta."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọkùnrin abúlé wa máa ń sọ nìyẹn. Verena ò bínú.

"Ó dáa. Tí ẹ ò bá gbé e mì, ibo ló ń dúró sí?"

Ó fi ìka kan ẹnu ara rẹ̀.

"Ẹnu ni. Abẹ́ ahọ́n ni. Májèlé inú tábà ò mọ̀ pé ẹ ò gbé òun mì, ibi tó bá bà lé ló ń bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo tọ́jú ní Aarau ò gbé èéfín mì rí láyé wọn."

Gottlieb yọ sìgá lẹ́nu, ó la ẹnu. Verena gba àtùpà oníbébà lọ́wọ́ Klara, ó gbé e súnmọ́ ọn, ó wo apá òsì lábẹ́ ahọ́n. Ibẹ̀ funfun, àárín rẹ̀ pupa. Nígbà tó jókòó padà, ojú rẹ̀ ti yí.

"Mi ò lè sọ ohun tó jẹ́. Dókítà ló máa gé bíńtín níbẹ̀, tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò jiná, èèyàn kì í gbé e jókòó sílé. Ọ̀la ni kí o lọ."

"Jẹ́ kí n kó koríko àwọn màlúù wọlé ná."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná gbà. Gbogbo abúlé dìde, wọ́n kọjú sí Gottlieb. Ó di sìgá náà mú lọ́wọ́, ó dá orin. Kò lọ jìnnà tó fi dákẹ́, tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó tún un dá, ó tún dákẹ́. Omi ti dé ojú rẹ̀, igi tó ń jó nìkan la sì ń gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Klara gba sìgá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú ife bíà.

"Ọ̀la ni," ló wí. "Emil á kó koríko."

Wọ́n lọ. Àrùn jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò ní ahọ́n. Wọ́n gé apá kan lára ahọ́n náà. Dókítà sọ fún Klara pé ká ní wọ́n dúró títí yìnyín fi bọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó ti wọ ọrùn. Gbogbo ìgbà òtútù ni Gottlieb fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Emil náà lọ ya ẹnu fún dókítà, kò sì fi sìgá sẹ́nu mọ́.

Lọ́dún yìí, okùn tó ń jó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, la fi tan iná ọdún wa. Nígbà tí iná orí òkè gbà, gbogbo wa kọjú sí Gottlieb bó ṣe mọ́ wa lára. Ó dìde, ó dá orin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wúwo lẹ́nu bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu, àjèjì ò lè gbọ́ ohun tó ń wí. A ò sáré ṣíwájú rẹ̀. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá gbé e dé la ń dúró sí, a ò sì jókòó títí tó fi parí. Mo sunkún, ojú ò sì tì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, yálà ẹ ń gbé e mì tàbí ẹ kì í gbé e mì, ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá ṣòro, dókítà àti apòògùn yín mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ràn yín lọ́wọ́. Ẹ máa wo inú ẹnu yín nínú dígí. Bí ẹ bá rí egbò, ibi tó funfun tàbí ibi tó pupa, tàbí tí kókó wà níbẹ̀, tí kò sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín, ẹ lọ fi han dókítà. Ẹ sì máa wo ara yín, ẹ̀yin ìyàwó, ọkọ àti ọ̀rẹ́, nítorí ìyàwó ló kọ́kọ́ rí ti Gottlieb.

Mo bi Gottlieb bóyá mo lè kọ ìtàn yìí. Ó rọra fèsì, èmi náà sì tẹ́tí gan-an kí n tó gbọ́ ọ.

"Kọ ọ́. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń kọrin. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ mi, Regula, mi ò lè pè é já gaara mọ́."